Táíwò Hassan, Ọmọ Ìlaròó, àti Iṣẹ́ Òṣèré

Ní ọjọ́ 31 oṣù October, ọdún 1959, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé amóhùnmáwòrán ti Ìbàdàn, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Ìlaròó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Táíwò Hassan. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń ka irú nǹkan báyìí sí àmì. Ọmọ púpọ̀ ni a bí ní ọjọ́ náà tí wọn kò dé iwájú ẹ̀rọ ayàwòrán rí. Ṣùgbọ́n inú olùkọ́ a máa dùn bí ó bá rí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó lè fi kọ́ ọmọ ní ohun méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀.

Àwọn tí kò mọ orúkọ tí mo kọ sókè yìí yóò mọ Ogogo, nítorí orúkọ eré ti bo orúkọ ilé mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1981 ni ó ti wà nínú iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, àti ní òdì-kejì ibodè ní Sàkétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ àti Kétu, níbi tí èdè wa kò ti tẹ̀lé ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé pa ní ọdún 1889, ó ṣòro kí a pe ènìyàn mẹ́wàá jọ kí a má rí ẹni tí ó ti wo eré rẹ̀. A ti yìn ín púpọ̀. A ti nawọ́ sí i ní ọ̀nà ọjà, a ti bá a ya àwòrán. Ohun tí a kò tíì ṣe fún un tó ni pé kí a jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ìwé wò, kí a sọ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára tó, kí a sì sọ ìdí rẹ̀. Mo gbà pé gbèsè ni èyí jẹ́ lọ́rùn àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìwé ní agbègbè tí a ti bí i.

Kì í ṣe pé a kò mọ eré wò ní ilẹ̀ yìí. Àwọn baba wa wí pé ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, ilẹ̀ Kétu àti ilẹ̀ Yewa sì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fìdí múlẹ̀ jù. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ọjà Ìmẹ̀kọ àti ti Ìlaròó kò dúró de UNESCO kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí kò ní fẹ́ kí a dárúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lára ìwé ìjọ. Ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe ìsìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ni, bí kò ṣe ojú tí a fi ń wò ó. Gbogbo ẹni tí ó dúró yí agbo ká ni ó mọ̀ pé ọkùnrin ni ó wà lábẹ́ ère obìnrin náà, àwọn púpọ̀ sì mọ ọmọ ilé tí í ṣe. Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ló dé tí ó fi ṣe obìnrin. Ohun tí wọ́n ń tẹ́tí sí ni bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dá ìlù lóhùn. Bí ẹsẹ̀ bá ṣi ìlù, wọn yóò wí i lójú agbo, kò sì ní di ìjà. Bí ó bá sì bá ìlù mu, ariwo tí wọn yóò pa kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ọmọ àdúgbò. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá fún òṣèré tí ó wà nínú ẹ̀rọ, n kò sì rí i.

Ìjọ pẹ̀lú kò lè wí pé òun kò mọ ọ̀nà tí eré Yorùbá ti ìgbà òde òní gbà wọlé. Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, ṣe olùkọ́ rí kí ó tó di ọlọ́pàá. Fún ìjọ Olúwa ti Aládùúrà ní Èkó ni ó sì ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1944, lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Olùkọ́ ni Dúró Ládiípọ̀, ẹni tí ó mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú orin Àjíǹde ní Òṣogbo, tí àwọn kan nínú ìjọ kò sì gbà á. Nítorí náà, bí olùkọ́ kan bá dìde lónìí láti wí fún ọmọ pé iṣẹ́ òṣèré jẹ́ iṣẹ́ aláìríṣẹ́ṣe, kí ó kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, kí ó sì rántí irú yàrá tí wọ́n ti jáde.

Ọ̀nà tí Táíwò Hassan gbà yàtọ̀ sí tiwọn. Mùsùlùmí ni, ilé ẹ̀kọ́ Christ Church ní Ìlaròó ni ó sì ti kọ́ ìwé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Mùsùlùmí púpọ̀ ti gba ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kọjá ní gbogbo ilẹ̀ wa. Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì di òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí ń pèsè omi ẹ̀rọ fún ìlú. Ọdún 13 ni ó lò níbẹ̀. Ọdún 1994 ni ó kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò yóò ti rí i pé gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ó fi ń ṣe òṣèré pẹ̀lú iṣẹ́ oṣù. Kí olùkọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ọ̀sán, tí ó sì ń kọ́ orin fún ẹgbẹ́ akọrin ní alẹ́, wí fún wa bí ó ti rí. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ méjì fún ọdún 13 kì í ṣe ẹni tí ìfẹ́ ojú lásán gbé lọ sí orí ìtàgé. Bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ ojú ni, ìbá ti rẹ̀ ẹ́ ní ọdún kejì.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé bí ìgbà náà ti rí fún eré Yorùbá. Ní ọdún 1976 ni sinimá Àjàní Ògún jáde, ní ọdún 1979 ni Ògúndé ṣe Aiyé; ó sì dàbí ẹni pé gbogbo ẹgbẹ́ alárìnjó ni yóò di oníṣinimá. Ṣùgbọ́n fíìmù tí wọ́n fi ń ya sinimá nígbà náà ni owó lórí, òkè òkun ni a sì ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986, díẹ̀ ni ó kù tí ó lè san owó náà. Àwọn ẹgbẹ́ kan tẹ̀ síwájú nínú ilé amóhùnmáwòrán, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré àtìgbàdégbà: Moses Ọláìyá pẹ̀lú Aláwàdà rẹ̀, Oyin Adéjọbí pẹ̀lú Kóòtù Aṣípa. Láti ìparí ọdún wọ̀nyẹn wá ni àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò yàwòrán, tí wọ́n ń tà á ní ọjà fún ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ nílé. Nígbà tí Táíwò Hassan fi iṣẹ́ omi sílẹ̀ ní ọdún 1994, ọjà kásẹ́ẹ̀tì ti là. Nítorí náà, kì í ṣe ìwà wèrè ni ó wù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti fi owó oṣù sílẹ̀ rí mọ bí alẹ́ ọjọ́ kìíní ti ń rí.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni eré Owó Blow, tí Tádé Ògìdán darí, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 1996. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí òun kọ́kọ́ fi wọn Táíwò Hassan, èyí ni n ó mú fún un. Ìtàn rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Wọ́n fi baba kan sẹ́wọ̀n láìtọ́. Ẹrù ilé bọ́ sí ọrùn ọmọ rẹ̀, Wọlé. Ìgboro gba ọmọ náà lọ́wọ́ ilé, ó sì sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Irú ìtàn yìí pọ̀. Ohun tí kò pọ̀ ni ọ̀nà tí a gbà pín Wọlé sí méjì. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ni ó ṣe é nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, Táíwò Hassan sì gbà á nígbà tí ó di ọkùnrin.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti le tó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe Wọlé ti gba àánú wa tán kí ẹnìkejì tó wọlé. A ti rí ìyà ọmọ náà, a ti dárí jì í ní àìmọye ìgbà. Ọkùnrin tí ó wá gba ipò rẹ̀ kò jọ ọ́ ní ojú, kò jọ ọ́ ní ohùn, ó sì ní láti wí fún wa láìlo ọ̀rọ̀ pé ọmọ ìjọ́sí ni èmi. Òṣèré tí kò dára tó ìbá ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àfarawé, kí ó máa rìn bí ọmọdé náà ti ń rìn. Táíwò Hassan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ náà yára, ojú rẹ̀ ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn; ti ọkùnrin náà wúwo, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀, nítorí a mọ ohun tí ó kọ́ ọ láti dákẹ́. A ti wo ibi tí ó ti kọ́ ọ. Mo rántí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níhìn-ín, tí wọ́n máa ń jáde ní méjì-méjì pẹ̀lú ère tí ó jọra: ẹni tí ó wà lábẹ́ ti ọ̀tún kì í ṣe ẹni tí ó wà lábẹ́ ti òsì, síbẹ̀ ìlù kan ṣoṣo ni wọ́n ń jó sí. Bí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá ṣì, ti èkejì bàjẹ́. Nínú Owó Blow, ẹsẹ̀ kò ṣì.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí mo pè ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó má ba dàbí ọ̀rọ̀ ìyìn lásán tí mo ti ń bá a jà láti òkè wá. Eré Yorùbá láti orí ìtàgé ni ó ti wá. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tàbí nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, òṣèré ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn pátápátá lè gbọ́; ó ní láti fi apá méjèèjì sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí ó jìnnà kò rí ojú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán dé, ó gbé òǹwòran wá sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí òṣèré. Ẹni tí ó ń pariwo ní gbọ̀ngàn wá ń pariwo mọ́ wa ní etí. Àwọn àgbà òṣèré púpọ̀, tí mo bọ̀wọ̀ fún, kò fi ìgbà kankan kọ́ láti rẹ ohùn sílẹ̀, títí tí wọ́n fi kúrò nínú iṣẹ́. Táíwò Hassan kọ́ ọ. Bí ó bá fẹ́ dẹ́rù bani, ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Bí ẹni tí ó dojú kọ ọ́ bá ń fò sókè, òun a dúró, a sì wò ó títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń rò ó nínú ara mi bóyá iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó kọ́ ọ ní èyí, nítorí ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe kì í pariwo mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sílẹ̀ bí òótọ́ ìtàn.

Mo dé ibi tí n kò ti lè yìn. Ní gbogbo ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọjà kásẹ́ẹ̀tì ń pe òṣèré tí ojú rẹ̀ bá ti là láti wá ṣe eré lé eré, àwọn tí ń ṣe eré náà kò sì ní sùúrù. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ Táíwò Hassan ni ojú tí ń dẹ́rù bani, wọn kò ra ìyókù. Wọ́n fi í ṣe ọkùnrin líle, wọ́n fi í ṣe olówó tí kò ní àánú, wọ́n sì fi í ṣe ọkọ tí ń pàṣẹ. Mo ti jókòó wo eré tí ó gba wákàtí méjì, tí ìtàn rẹ̀ kò tó ogún ìṣẹ́jú, tí wọ́n fi orin àti ìrìn ọkọ̀ dí àlàfo tí ó wà láàárín. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ pàápàá a di àṣà, bí oníwàásù tí ó ti mọ ibi tí ìjọ yóò ti wí Àmín, tí ó sì dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tí ó gbé eré náà kalẹ̀ nìkan. Òṣèré ní ẹnu láti wí pé rárá. Ìgbà mìíràn wà tí ìbá dára kí ó wí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó ti fi owó oṣù sílẹ̀ kì í tètè sọ rárá, mo sì gbà á rò. Ṣùgbọ́n a kì í gba ìyẹn rò fún akéwì, a kì í gbà á rò fún ẹni tí ń gbẹ́ ère. Kí ló dé tí a ó fi gbà á rò fún òṣèré, bí kì í bá ṣe pé a kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ ọnà?

Àwa òǹwòran pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwa. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti kọ́ni rí, mo fi eré kan hàn fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, mo sì ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí rẹ̀. Ohun tí ó ju ìdajì wọn lọ kọ ni pé Ogogo burú. Wọn kò kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe nínú eré náà. Ogogo ni wọ́n kọ. Mo bi ọmọbìnrin kan léèrè pé, “Ìwọ, ṣé ẹni tí ó wọ ère obìnrin nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ di obìnrin bí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá o, sà, bọ̀dá wa ni wọ́n ń gbé e.” Mo ní kí ó wá fi ojú yẹn kọ àròkọ náà. Ó mú ìwé rẹ̀ padà. Èyí tí ó kọ lẹ́ẹ̀kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì wí nínú rẹ̀ pé ọkùnrin náà kì í tètè sẹ́jú nígbà tí ó bá ń purọ́. Èmi tí mo ti wo eré náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kò rí ìyẹn. Mo padà lọ wò ó, òtítọ́ ni.

Ọ̀ràn kan kù tí ó kan ilẹ̀ Yewa ju ibòmíràn lọ. Èdè tí a ń gbọ́ nínú eré àti sinimá Yorùbá ni èdè tí a fi ń kọ ìwé, tàbí kí ó jẹ́ ti Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, tàbí ti ìgboro Èkó. Ìjẹ̀ṣà ní àyè tirẹ̀, pàápàá nínú eré ẹ̀fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀bú. A sì ń fi Ẹ̀gbá dẹ́rìn-ín pani. Nínú àwọn eré Táíwò Hassan tí mo ti wò, n kò tíì gbọ́ kí ó fi ohùn Ìlaròó sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò dá a lẹ́bi. Òṣèré ń sọ èdè tí ẹni tí yóò ra kásẹ́ẹ̀tì yóò gbọ́. Síbẹ̀ ó yẹ kí a ro ohun tí ó túmọ̀ sí. Ilẹ̀ wa ní ọmọ kan tí gbogbo Yorùbá mọ ohùn rẹ̀, ohùn náà kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ tí ń bẹ ní Ayétòrò àti Ìgbógílà ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń kọ́ pé ohùn ilé àwọn kì í ṣe èyí tí a fi ń ṣe ènìyàn pàtàkì. Àwa olùkọ́ ti kọ́kọ́ fi èyí kọ́ wọn pẹ̀lú pàṣán. Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ rẹ̀ kí a tó na ìka sí òṣèré.

Bákan náà ni ọ̀ràn ìpamọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kì í pẹ́ láyé. Ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ooru. Ìwé tí a tẹ̀ ní 1948 ṣì wà lórí pẹpẹ wa, a sì lè kà á, nígbà tí eré tí a yà ní 1996 ti ń funfun lójú ẹ̀rọ. Àwọn kan ti gbé díẹ̀ nínú wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n gé wọn níbi tí ó wù wọ́n, àwòrán wọn kò sì mọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Yewa bá lè wá àpótí kan, kí ó kó àwọn tí ó dára jù jọ sínú rẹ̀, kí ó kọ ọdún àti orúkọ olùdarí sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tí yóò ná an kò ní tó owó ìjókòó ọjọ́ ayẹyẹ kan.

Ní Ìlaròó, ọdọọdún ni a ń ṣe ọdún Orónnà, akọni ìlú náà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa ṣe eré kékeré nípa rẹ̀, wọn a sì máa fi ariwo ṣe é, nítorí wọ́n gbà pé akọni kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ti máa ń wò wọ́n, kí n sì máa ro bí yóò ti rí bí a bá gbé Orónnà fún ẹni tí mo ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀, kí ó jẹ́ àgbàlagbà jagunjagun tí ó ti rẹ̀, tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ, kí gbogbo ìwọ̀nba tí ó bá sọ sì jẹ́ ní ohùn Ìlaròó. N kò mọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ti ìjókòó kan nínú gbọ̀ngàn náà ti wà lọ́wọ́ mi.